Ẹ Má Kọ́ Ẹnjiníà Ọ̀la ní Ìfaradà Òkùnkùn

Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, nígbà tí àwọn ọmọ wa bá ti gba lẹ́tà ìgbaniwọlé, tí wọ́n di ẹrù, tí wọ́n sì forí lé Òkìtìpupa láti lọ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ ìyànjú kan wà tí gbogbo ẹnu máa ń sọ fún wọn. Òbí a sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n a sọ ọ́, olùkọ́ a sọ ọ́, àwọn tí wọ́n ti lo ọdún méjì mẹ́ta níbẹ̀ a sì tún un sọ fún ẹni tuntun tí wọ́n ń pè ní jámbáìtì: "Fara dà á. Bó bá pẹ́, yóò mọ́ ọ lára." Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ó sì jọ ọgbọ́n àgbà. Ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ nìkan ni ọgbọ́n. Ìdajì yòókù, májèlé ni, ó sì ti tó àkókò kí a ya méjèèjì sọ́tọ̀ kí a tó fi wọ́n bọ́ ọmọ wa.

Oríṣi ìṣòro méjì ni akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ń bá pàdé. Èkínní ni èyí tí ó wà nínú ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀. Èkejì ni èyí tí àìbìkítà àwọn àgbà dá sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "fara dà á", ni a fi ń wo méjèèjì sàn, bí ẹni pé àrùn kan náà ni wọ́n. Wọn kì í ṣe àrùn kan náà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí èkínní, kí ẹnikẹ́ni má baà wí pé ọ̀lẹ ni mò ń gbè lẹ́yìn. Ìmọ̀ ẹ̀rọ le. Ọmọ tí ó ti ń gba ipò kìíní láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé girama yóò dé ọdún kìíní, yóò bá ìṣirò, físíìsì àti kẹ́mísírì ní ìwọ̀n tí kò rí irú rẹ̀ rí. Nínú ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun tí àjọ NUC gbé jáde ní ọdún 2022, tí àwọn yunifásítì sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọdún 2023, ọmọ náà yóò tún bá ẹ̀kọ́ GET 101 pàdé, tí ó dá lórí ipò ẹnjiníà láwùjọ, àti GET 102, tí ó dá lórí yíya àwòrán iṣẹ́. Wọn yóò gbé irin kan síwájú rẹ̀, wọn yóò ní kí ó ya á bí ó ti rí láti iwájú, láti òkè àti láti ẹ̀gbẹ́, láìsí àṣìṣe ìwọ̀n kankan. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa kò fọwọ́ kan irinṣẹ́ ìyàwòrán bẹ́ẹ̀ rí kí wọ́n tó dé ibẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà. Nínú ìdánwò JAMB, ìdáhùn tí ó tọ́ wà lójú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta. Kí ọmọ sá ti mọ èyí tí yóò mú. Ní yunifásítì, kò sí ìdáhùn kankan lójú ìwé. Akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò la ọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, olùkọ́ yóò sì wo ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó ti fi àkọ́sórí ìbéèrè àtijọ́ gorí òkè yóò rí i pé àkọ́sórí kò lè gbé e dé ọ̀hún mọ́. Ibẹ̀ ni ẹkún ti ń bẹ̀rẹ̀, tí àwọn ọmọ tí ìyá wọn ń pè ní olórí pípé yóò gba máàkì tí wọn kò lè fi han ìyá náà.

Sí irú ìṣòro yìí, òótọ́ ni kí a sọ fún ọmọ pé kí ó fara dà á, kí ó sì jẹ́ kí ó mọ́ òun lára. Kí ó máa ṣe ìṣirò lójoojúmọ́, kì í ṣe ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò nìkan. Kí ó ka ohun tí wọn yóò kọ́ kí olùkọ́ tó wọlé. Kí ó wá ẹlẹgbẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọn yóò jọ máa yanjú ìbéèrè, kí ó má sì tijú láti béèrè ohun tí kò yé e. Kí ó rántí pé máàkì ọdún kìíní wà lára ohun tí wọn yóò fi ṣírò ipò tí yóò bá jáde. Ìnira yìí ni ó ń sọ ọmọ di ẹnjiníà. Ẹni tí ó bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ ni ó gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi kò bẹ̀bẹ̀ kí a dín in kù pẹ̀lú ìwọ̀n ẹyọ kan.

Ìṣòro kejì ni mo bá wá. Òkùnkùn ni orúkọ rẹ̀.

Ní ọdún 2008 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó dá yunifásítì tí ó wà ní Òkìtìpupa sílẹ̀. Orúkọ tí ó ń jẹ́ lónìí ni ti Olóògbé Olúṣẹ́gun Àgágù, ọmọ bíbí Ìjù-Odò nínú ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa, ẹni tí ó jẹ́ gómìnà nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀. Onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta ni Àgágù; ó kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn. Kí ó tó di gómìnà ní ọdún 2003, ó ti ṣe mínísítà fún ọ̀rọ̀ iná mànàmáná àti irin lábẹ́ Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ilé ẹ̀kọ́ tí ó ń jẹ́ orúkọ mínísítà iná ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Nínú ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa yìí kan náà ni ibùdó ìpèsè iná Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ wà, ní ọ̀nà tí ó ti Òrè lọ sí Benin. Gáàsì ni àwọn ẹ̀rọ ibẹ̀ ń lò. Apá kìíní rẹ̀, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2007, ni wọ́n kọ agbára rẹ̀ sílẹ̀ ní mẹ́gáwáàtì 335; apá kejì tí wọ́n kọ́ tẹ̀ lé e lé ní mẹ́gáwáàtì 400. Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ni iná yìí ti ń jáde, orí okùn àpapọ̀ orílẹ̀-èdè ni ó sì ń gbà lọ sí ibi gbogbo.

Síbẹ̀, láti nǹkan bí ọdún 2014, ọ̀rọ̀ gbèsè láàárín ilé-iṣẹ́ apínná BEDC àti àwọn ará ìlú sọ Òkìtìpupa, Ìrèlè, Ìlàjẹ, Ẹsẹ̀-Odò àti apá kan Òdígbó sínú òkùnkùn fún bí ọdún mẹ́wàá. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í gbé etí odò kí a máa fi itọ́ fọ ọwọ́. Ní Gúúsù Oǹdó, etí odò ni a gbé, itọ́ ni a sì fi fọ ọwọ́ fún ọdún mẹ́wàá.

Ẹ wá bá mi ṣe ìṣirò kékeré kan. Ọmọ Ìkálẹ̀ tí ó wà ní ọmọ ọdún méje ní 2014 ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ní 2024, ó ti tó ẹni tí ń wọ yunifásítì. Gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ ni ó fi gbọ́ ariwo ẹ̀rọ amúnáwá dípò kí ó rí iná ìjọba. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wọlé láti kọ́ ìmọ̀ iná mànàmáná, kí ni a tún ń kọ́ ọ ní ìfaradà sí? Òkùnkùn ti mọ́ ọn lára kí ó tó mọ ìwé kà. Ohun tí ó ṣẹ́ kù fún un láti kọ́ ni bí yóò ṣe kọ̀ ọ́.

Ibí yìí gan-an ni ìjà mi wà. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ òfin lè fara da òkùnkùn kí ó ṣì di agbẹjọ́rò rere. Akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn lè fara dà á kí ó ṣì di òpìtàn. Ṣùgbọ́n kí ni iṣẹ́ ẹnjiníà, bí kì í bá ṣe kí ó wo ohun tí gbogbo ènìyàn ti gbà bí àyànmọ́, kí ó ní òun kò gbà? Odò tí àwọn ènìyàn ń fẹsẹ̀ wọ́ kọjá fún ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹnjiníà ni yóò ní afárá yẹ níbẹ̀. Kànga tí àwọn obìnrin ń rìn jìnnà lọ sí, ẹnjiníà ni yóò ní kí omi wá bá wọn nílé. Àìgbà yìí ni gbòǹgbò iṣẹ́ náà. Bí a bá wá lo ọdún kìíní, ọdún tí ọkàn ọmọ rọ̀ jù lọ, láti kọ́ ọ pé kí ohun tí kò dára mọ́ ọn lára, a ti gé gbòǹgbò náà kí a tó máa bomi rin ewé.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Màláwì. Ní nǹkan bí ọdún 2001 sí 2002, ìyàn mú ní ilẹ̀ náà, ọmọ àgbẹ̀ kan tí ń jẹ́ William Kamkwamba sì fi ilé ìwé sílẹ̀ nítorí pé owó kò sí. Ó lọ ń ka ìwé ní ilé ìkàwé kékeré kan, ó rí àwòrán ẹ̀rọ tí atẹ́gùn ń yí, ó sì fi àwọn ẹ̀yà kẹ̀kẹ́, igi àti pàǹtírí irin kọ́ irú rẹ̀ tí ó tan iná nílé bàbá rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá péré ni. Lẹ́yìn náà ni ó lọ sí yunifásítì Dartmouth ní Amẹ́ríkà, tí ó sì jáde ní ọdún 2014. Ó dájú pé àwọn ènìyàn wà yí i ká tí òkùnkùn ti mọ́ lára pátápátá. Òun ni kò jẹ́ kí ó mọ́ òun lára. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ máa wá kiri, kì í ṣe irú èyí tí a ti fi ìfaradà pa ẹ̀mí ìbéèrè nínú rẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní, "Àtùpà ni àwa fi kàwé, a sì di ènìyàn." Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin bàbá wa. Ṣùgbọ́n àtùpà kò lè gbé kọ̀ǹpútà. Yíya àwòrán iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ ní ọdún kìíní lónìí ti kọjá orí pátákó àti pẹ́ńsù nìkan. Ó ti wọ inú kọ̀ǹpútà, níbi tí ọmọ yóò ti kọ́ ohun tí ó yà, tí yóò sì yí i kiri kí ó tó di irin. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí iná ti tán nínú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí pátákó ìgé-ẹ̀fọ́. Ẹ̀yin tí ẹ fi àtùpà kàwé, ẹ kà á kí ọmọ yín má baà fi àtùpà kà á. Bí ọmọ-ọmọ yín bá tún wá ń fi iná fóònù kàwé ní ọdún 2024, ìtìjú ni èyí. Kì í ṣe ohun tí a fi ń yangàn.

Àwọn mìíràn yóò ní ìyà ni í sọ ọmọ di akíkanjú. Ẹ jẹ́ kí a wo iye tí wọ́n ń ta ìyà náà. Kí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú tó kéde ní ọjọ́ 29, oṣù Èbìbí, ọdún 2023, pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà bẹntiróòlù kan kò tó 200 náírà. Nígbà tí yóò fi di oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2024, ó ti kọjá 1,000 náírà. Owó ìtọ́jú tí àjọ NELFUND, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ fún ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́, ń fún ẹni tí ó bá rí i gbà jẹ́ 20,000 náírà lóṣù. Ní iye epo ìgbà náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń jó lítà epo kan ní alẹ́ kan láti fi kàwé yóò jó gbogbo owó náà tán ní ogún ọjọ́. Kò tíì jẹun, kò tíì ra ìwé, kò tíì wọ ọ̀kadà. Ẹ̀yáwó sì ni; yóò san án padà. Ohun tí a ń pè ní ìfaradà yìí, owó orí ni: ọmọ tálákà ni ó ń san án, ọmọ olówó kò mọ̀ ọ́n lára.

Nígbà mìíràn ẹ̀mí ni wọ́n fi ń san án. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2024, wọ́n bá òkú ọ̀dọ́ méje nínú ilé-iṣẹ́ ìgborinsílẹ̀ kan ní Yenagoa, Ìpínlẹ̀ Bayelsa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wà lára wọn. Èéfín ẹ̀rọ amúnáwá ni wọ́n fura sí pé ó pa wọ́n. Wọn kò ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ wa kì í ṣe: iná ìjọba kò sí, wọ́n tan ti ara wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ìfaradà ṣe máa ń parí nígbà mìíràn.

Àtakò kẹta ni èyí tí ó ní ẹsẹ̀ díẹ̀. Wọn yóò ní ọ̀rọ̀ iná, ti Àbújá ni. Kí ni yunifásítì ìpínlẹ̀ lè ṣe? Èsì yìí ìbá tẹ́ni lọ́rùn ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Kò tẹ́ni lọ́rùn mọ́. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2023, àtúnṣe ìwé òfin Nàìjíríà fún àwọn ìpínlẹ̀ láṣẹ láti pèsè iná, láti gbé e kiri àti láti pín in, àní ní ibi tí okùn àpapọ̀ dé. Òfin iná tuntun tẹ̀ lé e ní oṣù Òkúdù ọdún kan náà. Nígbà tí ó sì di 2024, àjọ NERC fa àṣẹ ìṣàkóso ọjà iná Ìpínlẹ̀ Oǹdó lé ìjọba ìpínlẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀bẹ ti wà lọ́wọ́ Àkúrẹ́ wàyí. Ẹni tí ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè máa sọ pé ẹlòmíràn ni kò gé iṣu.

Kì í sì í ṣe pé a kò mọ bí wọ́n ti ń ṣe é. Ní ọdún 2019, lábẹ́ ètò kan tí àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí iná ìgbèríko gbé kalẹ̀, Yunifásítì Bayero ní Kánò gba ibùdó iná agbára oòrùn tí ó tó mẹ́gáwáàtì 7.1. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Ndufu-Alike Ikwo ní Ìpínlẹ̀ Ebonyi gba ti mẹ́gáwáàtì 2.8. Nàìjíríà yìí ni, kì í ṣe Jámánì. Àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n dá ètò náà sílẹ̀ fún, a gbà. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó ní kí ìpínlẹ̀ má ṣe irú rẹ̀ fún yunifásítì tirẹ̀.

Ẹnìkan lè rán mi létí pé ní ọdún 2024 kan náà, àjọ NDDC ṣí ibùdó ìpín-iná ńlá ní Òde-Erínjẹ, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa, láti mú iná padà sí Gúúsù Oǹdó. Mo rántí, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n a ti gé rìbọ́nì púpọ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí. A kì í fi ọjọ́ ìṣílé wọn iná. Wákàtí ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Láàárín ibùdó ńlá àti yàrá akẹ́kọ̀ọ́, òpó wà, wáyà wà, taransífọ́mà wà, owó iná wà. Níbi tí ọ̀kan bá ti já nínú wọn, òkùnkùn náà ni.

Nítorí náà, ohun tí mò ń béèrè kò ṣòro láti lóye. Kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó ya iná yunifásítì náà sọ́tọ̀ nínú ìwé ìṣúná, kí ó kọ́ ibùdó agbára oòrùn tí yóò gbé yàrá àyẹ̀wò, ilé ìkàwé àti ilé gbígbé akẹ́kọ̀ọ́, kí ó sì sọ ọjọ́ tí yóò parí. Kí àwọn aláṣẹ yunifásítì máa kọ iye wákàtí iná ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sí ojú pátákó níbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti rí i. Kí àjọ COREN àti NUC, tí wọ́n máa ń yẹ ilé ẹ̀kọ́ wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, béèrè àkọsílẹ̀ náà, kì í ṣe iná ọjọ́ àyẹ̀wò nìkan. Kí àwọn ọba àti àwọn ọmọ ilẹ̀ Ìkálẹ̀ tí Ọlọ́run gbé ga nílé àti lẹ́yìn odi ronú sí ilé ìkàwé kan tí iná kì í kú nínú rẹ̀, kí wọ́n tó ronú sí gbọ̀ngàn àríyá mìíràn. Kí àwọn onílé tí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ da owó pọ̀ ra sólà kan sí agboolé, dípò kí ẹ̀rọ amúnáwá mẹ́wàá máa tú èéfín sójú fèrèsé mẹ́wàá. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní, iṣẹ́ wà fún ìwọ náà. Wọ́n ń kọ́ ọ ní GET 101 pé ẹnjiníà ní ojúṣe sí àwùjọ. Má ṣe dúró de ìwé ẹ̀rí kí o tó bẹ̀rẹ̀. Mú ìwé àjákọ kan, kọ wákàtí tí iná dé àti wákàtí tí ó lọ fún sáà ẹ̀kọ́ kan gbáko. Ka iye gílóòbù, fáànù àti kọ̀ǹpútà tí ó wà ní ilé tí o ń gbé. Ṣírò iye agbára tí wọ́n ń jẹ. Ṣírò iye tí gbogbo yín ń ná sórí epo lóṣù. Fi í wé iye tí sólà yóò gbà. Ìṣirò náà kò ju ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ ní físíìsì lọ. Tí ẹ bá parí rẹ̀, kí ẹgbẹ́ yín fi ránṣẹ́ sí aṣòfin tí ó ń ṣojú Òkìtìpupa ní Àkúrẹ́ àti sí gbogbo iléeṣẹ́ rédíò tí ó wà ní agbègbè. Olóṣèlú lè fi ọ̀rọ̀ dídùn dá ẹkún lóhùn. Ó ṣòro fún un láti fi dá ìwé ìṣirò tí a buwọ́ lù lóhùn.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ọmọ tí a bá kọ́ ní ọdún kìíní pé kí ó gba ohun tí kò yẹ yóò di ẹnjiníà tí ń buwọ́ lu òpó tí kò nípọn tó, ọ̀nà tí kò ní gọ́tà, àti taransífọ́mà tí kò ní òróró nínú, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe bá a, ó sì ti mọ́ ọn lára.

Ẹ̀yin òbí, nígbà tí ẹ bá tún pe ọmọ yín ní Òkìtìpupa, ẹ má bi í mọ́ pé, "Ṣé ó ti ń mọ́ ọ lára?" Ẹ bi í pé, "Wákàtí mélòó ni iná fi wà lánàá?" Tí ó bá ti dá yín lóhùn, ẹ gbé ìdáhùn náà lọ bá àwọn tí ẹ dìbò fún.